Wífì Tó Dé Ilé Ìdáná

Ẹni tó bá sọ pé Ìsẹ́yìn sí Kétu tó wà lẹ́yìn bọ́dà kò jìnnà, ẹsẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, kò fi etí wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ilé ọkọ mi, mo jáde síta, mo gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì, inú mi dùn bí ẹni pé àdúgbò wa ni mo ṣì wà. Obìnrin kan kí mi, mo dá a lóhùn. Ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn lé e, kò yé mi. Ó tún un sọ, kò yé mi. Ó wá ṣàánú mi, ó yí i sí Faransé kí ó lè yé mi dáadáa, ìyẹn ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń mi orí bí alángbá, títí ó fi bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, ǹ bá ti múra sílẹ̀ pé odi ni mo máa jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń pe omi ní omi, tí wọ́n ń pe ọmọ ní ọmọ, èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ nílé wa wá di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Àlejò tó jọ onílé, ìyà tirẹ̀ ló pọ̀ jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé nǹkan fún un.

Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ń ra àgbàdo ní Idigny àti Adakplamè, àwọn abúlé Kétu, ó máa ń kó o wá sí ọjà wa ní Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ó yà sí ìsọ̀ mi pé kí n bá òun rán ṣòkòtò tó ya. Mo wo ṣòkòtò náà síwá sẹ́yìn, mo ní kò ya. Ó ní òun mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè ka ìwé yìí.

Nílé wa, bí ìmáàmù bá so yìgì tán, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìyá ìyàwó ni yóò di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, yóò fi lé ìyá ọkọ lọ́wọ́, yóò sì sọ pé òun fà á lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yìgì mi, ìyá ọkọ mi kò lè wá, torí ó ti ṣubú lóko ní Kpankou, ìbàdí rẹ̀ sì ti yẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló na ọwọ́ dípò rẹ̀. Màámi wo ọwọ́ náà, ó ká tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ọmọ kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń fi rán ẹni tó ń kọjá, pé òun ò ní fà mí lé ẹni tí òun ò rí ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Orúnkún tirẹ̀ náà kì í jẹ́ kó rìn kọjá mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ká má tíì wá sọ bọ́dà. Bí mo ṣe tẹ̀ lé ọkọ mi wá sí Kétu nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò fà mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìyá, bí gbogbo ilé ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, kò ṣe mí ní ibi kankan. Ó ń bọ́ mi, ó ń gbàdúrà fún mi, ó sì ń pè mí ní ọmọ Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe èébú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń rántí ọwọ́ tí Màámi ká sẹ́yìn, mo sì máa ń mọ̀ pé àlejò ni mo ṣì jẹ́.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fún mi láyè. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń pè mí ní patọ́ọ̀nù, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá obìnrin níbẹ̀. Ìṣòro mi ni nọ́ńbà. Obìnrin olùkọ́ kan wá, mo fẹ́ wọn ìbàdí rẹ̀, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun mọ̀ ọ́n lórí. Ó pe nọ́ńbà náà ní Faransé. Mo ti mọ oókan dé ogún nígbà yẹn, mo sì gbọ́ mẹ́rin, mo gbọ́ ogún, mo wá kọ mẹ́rin sílẹ̀, mo kọ ogún tẹ̀ lé e. Ó wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ogún lọ́nà mẹ́rin ni. Ogún mẹ́rin, ọgọ́rin náà kọ́ nìyẹn? Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Faransé ò ti bà mí lẹ́rù mọ́. Gbogbo ẹni tó wá ránṣọ lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún pé ọgọ́rin wa ni àwọn aláwọ̀ funfun jí lọ.

Nítorí iṣẹ́ yìí náà ni ọkọ mi ṣe gba wífì sílé, kí n lè máa rí àwòrán aṣọ tí àwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́. Wáífáì là ń pè é nílé wa. Níbí, wífì ni, mo sì ti gbà fún wọn. Àpótí kékeré kan báyìí ni, bọ́kísì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, lẹ́yìn fíríìjì, kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ a ò tíì bímọ. Bàbá ọkọ mi ló mọ ilé náà. Amọ̀ pupa ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó ń tutù bí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n wífì ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní pálọ̀, ó ń gbìyànjú. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ní ilé ìdáná tó wà ní ìparí àgbàlá lábẹ́ páànù, níbi tí Ìyá máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ni àdúgbò wa wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí fóònù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rezo níbí, kì í lágbára nínú àgbàlá náà.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo máa ń pe Màámi láti pálọ̀. Wàsíù ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a di fóònù mú. Ìdajì ọ̀rọ̀ wa ni ká máa bi ara wa bóyá à ń gbọ́ ara wa. Bí àwòrán bá dúró, ibi tí ẹnu mi bá là sí ló máa ń dúró sí, Màámi á sì ní mo ti rù. Bí mo bá pa fóònù tán, ilé á wá pa lọ́lọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láì rán nǹkan kan. Àárò ilé ń sọ mí gan-an, mi ò lè purọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Màámi béèrè ọkọ mi. Mo ní ọkọ mi kúrò nílé láàárọ̀, ó lọ sí Idigny. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ìlà já. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ohun tó dé Ìsẹ́yìn ni "Ọkọ mi kú". Ìyókù ọ̀rọ̀ náà kù sójú ọ̀nà.

Kí n tó rán apá aṣọ kan tán, ilé wa ní Ìsẹ́yìn ti kún. Màámi ti tú gèlè. Àwọn àbúrò bàbá mi ti ń jíròrò ẹni tó máa wá gbé mi. Wàsíù ní òun ò lè gbọ́ irú rẹ̀ kí òun má wádìí, ó pe nọ́ńbà ọkọ mi, ó rò pé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ ló máa gbé e. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e láàárín àpò àgbàdo, ó sì ń kí àna rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wàsíù ju fóònù sílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé alààyè ni, ilé tó kún fún ẹkún kún fún ẹ̀rín, wọ́n ní àwọn ò rí òkú tó ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì tí ìlà mọ́ gaara díẹ̀, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi.

"Mo rò pé o ti di opó láàárín àwọn tí mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀ pé kó bá mi gbá ọ mọ́ra. Jẹ́ kí n rí ìyá yẹn, kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́, kí n fà ọ́ lé e lọ́wọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Wàsíù á wá mú ọ wálé."

Ó fún mi láyè títí di ìgbà tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kò ju oṣù kan lọ. Mo mọ Màámi, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Mo kọ́kọ́ fi fọ́tò Ìyá ránṣẹ́. Màámi ní fọ́tò kì í dáhùn. Mo bẹ Ìyá pé kó wá sí pálọ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ò sì gbà á. Ọkọ mi ní òun á gbé e. Ìyá ní òun kì í ṣe àpò àgbàdo. Ìgbà tí ọkọ mi lọ tán ló wá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi. Mi ò lè kọ èdè Kétu rẹ̀ bó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní tiwa. Ó ní ìdí ààrò yìí lòun ti tọ́ ọmọ méje, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti rí òun, kì í ṣe níwájú tẹlifíṣọ̀n tí òun kì í wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé tí ọmọ rẹ̀ wà, ìdí ààrò ni kó wò. Mo ronú sí i, mo rí i pé ohun tí Màámi ì bá sọ gan-an nìyẹn. Orí kan náà ni àwọn méjèèjì gbé wáyé.

Nígbà tí Ìyá ò lè lọ bá wífì, wífì ló gbọ́dọ̀ lọ bá Ìyá. Mo gbé bọ́kísì kúrò lẹ́yìn fíríìjì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù ní pálọ̀. Ìyẹn nìkan mú kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára sí i, inú mi sì dùn bí ẹni tó la ojú afọ́jú. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe létí ọjà wá sọ ohun tí mo nílò fún mi. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tó máa ń gba wífì lẹ́nu bọ́kísì, tó sì máa ń tún un sọ fún ibi tí kò dé. Kò ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dárúkọ rẹ̀ fún mi ní Faransé. Mo ń tún orúkọ náà pè lójú ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́: repetẹ̀, repetẹ̀, repetẹ̀. Mo yà lọ́dọ̀ Màmá Ráfíù, aládùúgbò wa tó mọ gbogbo èèyàn ní Kétu, mo ní kó bá mi wá repetitẹ̀ tó lágbára, tó lè dé ilé ìdáná, torí Ìyá ni. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní ìyàwó rere ni mí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó mú síléètì àti ṣọ́ọ̀kì dání. Ó ní Musié Òjó lorúkọ òun, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Òjó. Ó béèrè ilé ìdáná, mo nawọ́ sí i, mo rò pé ẹbí ọkọ mi ni, tó wá kí Ìyá. Ìgbà tí mo fi máa gbé omi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti kọ lẹ́tà kan sára síléètì, ó ń ní kí Ìyá pè é tẹ̀ lé òun. Ìyá yíjú sí mi. Ó bi mí bóyá àwọn ará Ìsẹ́yìn ló ní òun gbọ́dọ̀ kàwé kí wọ́n tó lè bá òun sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Repetitẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ tó máa ń wá sílé wá tún iṣẹ́ ilé ìwé kọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ tí mo ń wá, repetẹ̀ ni. "Ti" kan péré ni mo fi kún un, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló sì bá a wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Musié Òjó, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Òun náà jókòó sórí àpótí, ó ń nu ojú. Ó ní látìgbà tí òun ti ń kọ́ni, wọn ò tíì pe òun ní ẹ̀rọ rí. Ó fẹ́ máa lọ, Ìyá ní níwọ̀n ìgbà tó ti wá, kó parí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi ra repetẹ̀ bọ̀ láti Kútọnu, pẹ̀lú bọ́kísì tuntun tó ní eriali mẹ́rin, torí ti àkọ́kọ́ ti gbó. Pálọ̀ wá ń sáré. Fídíò tí mo máa ń dúró dè títí oorun á fi gbé mi lọ ń ṣí kí n tó mí. Inú mi dùn, mo gbé repetẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, mo fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá gan-an, ṣebí ibẹ̀ la ti nílò rẹ̀. Iná pupa ló tàn. Mo yọ ọ́, mo tún fi í sí i, pupa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Wàsíù ti ń bi mí iye báàgì tí mo máa kó.

Musié Òjó ló bá mi níbẹ̀ tí ojú mi ti pọ́n. Ó ti ń wá kọ́ Ìyá ní lẹ́tà ní gbogbo Ọjọ́rú nígbà yẹn, Ìyá sì ti dé orí lẹ́tà kẹfà. Ó ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fún òun, mo ṣàlàyé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn.

"Repetitẹ̀ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ ní kíláàsì, kí ló fẹ́ wá tún sọ fún ọmọ nílé?" ló bi mí. "Má fi í sọ́dọ̀ ẹni tí kò gbọ́. Fi í síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti lè gbọ́."

Mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, lágbedeméjì, níbi tí bọ́kísì tuntun ti ń dé dáadáa, tí kò sì sí ògiri láàárín òun àti ilé ìdáná. Iná náà yí sí àwọ̀ ewé. Mo gbé fóònù, mo sáré gba àgbàlá kọjá bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nídìí ààrò, wífì kún. Mo jó yí ààrò náà ká, Musié Òjó ń pàtẹ́wọ́, Ìyá ní kí n ṣọ́ra fún ọbẹ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ Musié Òjó ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí èmi náà ti ń ṣe látìgbà tí mo ti dé nìyẹn, mo lọ jókòó sáàárín ibi tí mi ò ti gbọ́ nǹkan kan, mo ń bínú pé iná mi ò tàn. Ẹni tó kúrò nílé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tuntun débi tí kò fi ní gbọ́ ilé mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ilé débi tí ibi tuntun ò fi ní gbọ́ ọ. Ojú fèrèsé ni ipò wa. Kò burú níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo jókòó ti Ìyá, mo pe Ìsẹ́yìn. Ìyá ti wẹ̀, ó ti wé gèlè tuntun, ó wá ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni tí kò retí nǹkan kan. Màámi yọ lójú fóònù. Mo rí ilà ojú rẹ̀, mo rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ́ gaara bí ẹni tó jókòó síwájú mi. Ó wo Ìyá. Ìyá wò ó. Mo rò pé àwòrán ti dúró.

Ìyá ló kọ́kọ́ lanu, torí ìyá ọkọ ló yẹ kó kí ìyá ìyàwó. "Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí yín," ló wí. "Ìbàdí ò jẹ́."

"Ẹ jókòó yín," ni Màámi dáhùn. "Bí ẹ bá kúnlẹ̀, orúnkún tèmi ò ní jẹ́ kí n wá gbé yín dìde."

Ó parí. Mi ò rí àyè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbàdí lọ, orúnkún bọ̀, òrí tí wọ́n fi ń pa á, òjò tí kò tètè rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ Kétu kan ò bá yé Màámi, á ní kí Ìyá rọra tún un sọ. Nígbà kan ó pàtẹ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá òun máa ń sọ nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́ ní Ìsẹ́yìn. Ó ní kí n yí fóònù ká, kí òun rí ààrò, kí òun rí àmù, kí òun rí páànù orí ilé. Ó wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó béèrè ẹni tó se ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ìyá ní èmi ni, pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Màámi mí kanlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe nílé, kò sí ohun tí òun ò sọ.

Màámi wá ní kí Wàsíù di fóònù mú dáadáa. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kún ojú fóònù mi. Ìyá gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ìró, ó sì di ọwọ́ mi tó mú fóònù náà mú.

"Mo fà á lé yín lọ́wọ́," ni Màámi wí. "Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ bá a wí, ẹ má pè mí."

"Mo gbà á," ni Ìyá dáhùn. "Bó bá wá ṣe ohun tó dáa ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn ni kí ẹ pè mí."

Mo bú sẹ́kún. Àwọn ìyá mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rín wọn sì ń dé etí mi lẹ́ẹ̀kan náà.